Abọ́ Tí Kò Tíì Kún

Abọ́ kan wà lórí fíríìjì mi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé nínú ilé yìí. Abọ́ irin funfun ni, ó ní ìdérí, òdòdó pupa tí wọ́n yà sí ara rẹ̀ sì ti ń bó díẹ̀díẹ̀. Ìyábọ̀ àbúrò mi ló ni ín. Lọ́dún tó kọjá, nígbà Àjíǹde, ó fi gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi láti Jakande Estate, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú abọ́ náà lórí itan bí ìyá ọmọ tuntun. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí abọ́ mi pẹ́ lọ́dọ̀ yín o. Mo mọ̀ yín." Mo ní kó kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣé mo ti jí abọ́ ẹ̀ rí ni. A jọ rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi dé. Kí òjò ọdún náà tó dá, Ìyábọ̀ sùn, kò sì jí mọ́. Èmi àti ẹ̀ nìkan la ṣẹ́ kù nínú ọmọ ìyá wa. Ní báyìí, bí mo bá ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ báyìí," kò sí ẹni tí yóò dá mi lóhùn mọ́ pé òun rántí.

Gbogbo Kérésì, ilé mi níbí ní Ìsọlọ̀ ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti máa ń jẹun ọdún, èmi àti Ìyábọ̀ la sì máa ń sè é. Nígbà tí ti ọdún tó kọjá ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ mi wá bá mi ní pálọ̀. Kúnlé, àkọ́bí mi, ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi tọdún yìí sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, Àǹtí Ìyábọ̀ ò sì sí mọ́. Kí oníkálùkù jẹun nílé ẹ̀." Bọ́lá ìyàwó rẹ̀ ní, "Tàbí ká kàn ra oúnjẹ díẹ̀ nílé oúnjẹ, Mà. Ẹ̀yin náà á sinmi." Mo wò wọ́n títí. Mo ní, "Kúnlé, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ọdún tí nǹkan gbówó lórí? Ẹ jókòó." Mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọdún èkuru fún wọn, èyí tí mo fẹ́ kọ síbí yìí kí èmi náà tó gbé e lọ.

Ìwé kékeré ni mo kà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í bọ́ lórí mi. Gbogbo ẹni tó gbé ilé tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, mo lè pe orúkọ wọn láti yàrá àkọ́kọ́ dé èyí tó kángun sí balùwẹ̀. Ilé gígùn ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga wà àti ilé ìdáná tí gbogbo wa jọ ń lò. Ìró ló ń sọ àkókò fún wa. Ìpè ìrun ni yóò kọ́kọ́ jí Ìyá Onílé, ikọ́ wọn yóò wá jí àwa tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní àgbàlá, garawa á máa kọlu ara kànga, ọkọ̀ òfuurufú á sì fò kọjá lórí páànù wa tí gbogbo àwo á gbọ̀n lórí pẹpẹ. Fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ ló máa ń kẹ́yìn. Èmi ni mò ń fa omi nítorí èmi ni àgbà. Ìyábọ̀ ló ń gbálẹ̀, bó bá sì rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun, ẹ̀yìn ìkòkò omi ló ń gbá pàǹtí sí. Ìyá Onílé rí i. Àwọn ló ni ilé, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni wọ́n, arúgbó Mùsùlùmí tí ẹní wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ayálégbé. "Ìyábọ̀," wọ́n á ní láìyí ọrùn, "ìkòkò omi kì í jẹ pàǹtí o."

Ìyá Onílé yìí náà ló fi òfin abọ́ lélẹ̀ nínú ilé. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ la jọ ń gbébẹ̀, bí ọdún ẹnì kan bá sì dé, oúnjẹ gbọ́dọ̀ jáde láti yàrá rẹ̀ nínú abọ́ olómorí lọ sí yàrá gbogbo. Ṣùgbọ́n abọ́ tó bá gbé oúnjẹ wá kì í padà lófìfo. Bí iyọ̀ díẹ̀ lo ní, fi sí i. Bí ọsàn kan ni, fi sí i. Ẹni tó bá dá abọ́ padà lófìfo, ohun tó ń sọ fún ẹni tó ni abọ́ ni pé kí ọwọ́ ẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí sára ògiri. Àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n, àwa ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n kí á tó mọ ABD. Àwọn ọkùnrin ni kò mọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń gbé abọ́ dé ọwọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní apá ọ̀hún ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní iṣẹ́ ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá bàbá mi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo rántí jù ni fèrè náà. Kò dákẹ́. Láràárọ̀, bó bá ti ké, bàbá mi á dìde fùú, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì kakí wọn, wọ́n á di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kí wọ́n tó rántí. Wọ́n á wá dúró sí àárín yàrá. Ìyá mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ṣẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ jókòó, ẹ mu ògì, ó ń tutù." Mo ti sin ọkọ, mo ti sin àbúrò, mo wá mọ̀ báyìí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò kan ibi tó ń dun èèyàn, ìfẹ́ gidi ló ń bí i.

Iléyá bọ́ sí àárín ìgbà yẹn. Ìyá Ràfíù ni alájọgbé ògiri wa, obìnrin Ìsẹ́yìn, oníṣòwò ata àti àlùbọ́sà ní ọjà Òṣòdì, ohùn wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Òun àti ìyá mi mọwọ́ ara wọn. Bí ata wa bá tán, ìyá mi á kàn kan ògiri. Lọ́jọ́ Iléyá, Ìyá Ràfíù gbé abọ́ ẹran wá fún wa, ẹran tó kún dé etí. Ìyá mi ò sí nílé, wọ́n ti lọ kí ìyá tó bí wọn. Bàbá mi da ẹran sínú ìkòkò. Wọ́n wá wo abọ́. Ọkùnrin tó jókòó sílé láìníṣẹ́, ó ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Wọ́n bu omi, wọ́n wá kànìnkànìn àti ọṣẹ, wọ́n fọ abọ́ náà, wọ́n fi tówẹ̀lì wọn nù ún. Ìyá Ràfíù ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n débẹ̀, bàbá mi ò sì fẹ́ dí wọn lọ́wọ́, wọ́n rọra gbé abọ́ síwájú kọ́tìnnì, wọ́n padà. Inú wọn dùn. Wọ́n rò pé àwọn ti hu ìwà ọmọlúàbí.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Ràfíù ò dáhùn ìkíni ìyá mi mọ́. Ní ìdí kànga, wọ́n ń fa omi, wọ́n ń bá garawa sọ̀rọ̀: "Garawa, wá gbọ́. Àwọn kan jẹ ẹran ọdún mi tán, wọ́n dá abọ́ mi padà gbẹrẹfu. Ṣé wọ́n ní kí ilé mi gbẹ ni?" Ìyá mi gbọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Bàbá Rẹ́nikẹ́, ta ló dá abọ́ Ìyá Ràfíù padà?" Rẹ́nikẹ́ ni èmi. Bàbá mi ní, "Èmi ni. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní." Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n jókòó lórí àpótí. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí wọ́n jáde lọ sọ pé, "Ẹ má bínú, ọkọ mi ló fọ̀ ọ́." Wọn ò sọ ọ́. Ọkùnrin tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo ilé tún gbọ́ pé abọ́ ló ń fọ̀! Ìyá mi gbà kí ìbínú náà wà lórí àwọn. Wọ́n kàn lọ bá Ìyá Ràfíù pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni." Ìyá Ràfíù dáhùn pé, "Èmi? Èmi ò bínú o." Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá sọ báyẹn, inú rẹ̀ ń hó.

Báyìí ni Kérésì ṣe bá wa. Ní ọdọọdún, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ní ibi iṣẹ́, Bàbá Tòkunbọ̀ àti Bùọ̀dá Lásún, máa ń kó ìyàwó àti ọmọ wọn wá jẹun lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi ní, "Ìyá Rẹ́nikẹ́, ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má wá lọ́dún yìí. Kí la fẹ́ gbé síwájú wọn?"

Ìyá mi ní, "Ṣebí wọ́n jọ dá ẹ̀yin àti wọn dúró ni. Bí ẹ bá lé wọn, ibo ni wọn ó lọ?"

"Ṣé omi ni wọn ó wá mu?"

"Ẹni tí a bá ní kó má wá lọ́dún yìí, ojú á tì í láti wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ inú ìkòkò, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo rí ìyá mi bí wọ́n ṣe jókòó lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ro ó, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ kan họ ilẹ̀. Kí la ní? A ní ẹ̀wà díẹ̀ tí àbúrò wọn fi ránṣẹ́ láti oko. A ní ewé tó ń hù lẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni ò tà. A ní ọwọ́ ọmọbìnrin méjì. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ, wọ́n ní, "Èkuru." Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èkuru ni ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a kò fi ata tàbí epo sí rárá, tí a pọ́n sínú ewé, tí a sè. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò wá ata díndín tirẹ̀ rún un. Bàbá mi ní, "Èkuru ní Kérésì? Níbi tí gbogbo ayé ti ń se ìrẹsì?" Ìyá mi ní, "Kì í ṣe ní Kérésì. Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, ìkòkò gbogbo èèyàn á ti wà lórí iná, ìrẹsì sísè ni wọn ó fi sínú abọ́ wa, tiwọn kọ́ la ó gbé síwájú àlejò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ló wà nílé wọn? Ìrẹsì tútù. Òróró. Ẹja. Ata."

Bàbá mi ronú sí i. "Ṣé ìyẹn kì í ṣe agbe?"

"Agbe kì í gbé oúnjẹ jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa fún wọn. Kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n yó, kí ohun tó bá wù wọ́n wọ abọ́." Ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu bàbá mi, èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́.

Gbogbo agbára èkuru, inú pípò ló wà. A bó ẹ̀wà títí ìka wa fi hunjọ, ìyá mi lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó wá ku èmi àti Ìyábọ̀. Ọwọ́ la fi ń pò ó, ọ̀nà kan náà, kì í yí padà, títí tí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́. Èkuru tí a kò bá pò dáadáa, òkúta ni. Bí apá bá ro èmi, Ìyábọ̀ á gbà á. Bí apá bá ro Ìyábọ̀, á ṣe bí ẹni pé eṣinṣin ló ń dí òun lọ́wọ́, kó lè sinmi díẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn ni ìdánwò. Á bu omi sínú ife, á sọ ìwọ̀n bíńtín sínú rẹ̀. Bó bá rì, a ó máa pò ó lọ. Bó bá léfòó, ó tó. Ó sọ ọ́, ó rì. Ó tún sọ ọ́, ó rì. Nígbà tó kẹ́yìn, ó ké tí adìẹ fi sá: "Ìyá mi, ó ti léfòó! Ẹ̀yin gbogbo ilé, ó léfòó o!" Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Bí mo bá wà nílé ìdáná mi nìkan, mo ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésì, èmi àti Ìyábọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ kiri. Ìyá Onílé ṣí tiwọn, èéfín ewé gbá wọn lójú. "Ta ló ń se èkuru lónìí?" wọ́n bi mí. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo mi, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n láti inú. "Ìyá ẹ gbọ́n. Sọ fún un pé mo rí i." Wọ́n wọlé, ìrẹsì tútù ni wọ́n bù sínú abọ́ wa títí tí ìdérí ò fi lè dé. Àǹtí Tọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń dá gbé yàrá etí ọ̀nà, ń tọrọ gáfárà pé òun ò ní nǹkan gidi nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìgò òróró àti tòmátò alágolo sínú abọ́. Màmá Ìdòwú tó kọjú sí wọn fi ẹja gbígbẹ sí i. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bí ìyá mi ṣe là á sílẹ̀.

Ó ku Ìyá Ràfíù. Ìyá mi fúnra wọn ló to èkuru sínú abọ́ wa tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n yan èyí tó dára jù. Ìyábọ̀ gbé e, èmi kan ògiri. Ìyá Ràfíù jáde, wọ́n ṣí ìdérí. Ojú wọn yí padà, mi ò lè sọ bó ṣe yí. "Ta ló pò ó?" Ìyábọ̀ ní, "Èmi ni." "Ìwọ? Ọwọ́ bíńtín yìí?" "Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ṣe díẹ̀." Mo fẹ́ gbá a létí. Ìyá Ràfíù fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e mì. "Ó dáa. Ẹ máa lọ." Kọ́tìnnì bọ́ sílẹ̀. Oòrùn lọ sílẹ̀, gbogbo abọ́ ti padà, wọ́n wà lórí tábìlì wa, ìrẹsì, òróró, ẹja, tòmátò. Ti Ìyá Ràfíù ò padà. Ata àti àlùbọ́sà ló sì kù. Ìyá mi ń rìn lọ, ń rìn bọ̀, kì í ṣe nítorí ata. Bí abọ́ yẹn bá padà lófìfo, ọ̀tá ti wọlé tì wá nìyẹn, ògiri kan náà la sì jọ fẹ̀yìn tì. Ìyá Onílé pè wọ́n láti orí ẹní: "Ìyá Rẹ́nikẹ́, má lé abọ́. Abọ́ mọ ọ̀nà ilé."

Ilẹ̀ Kérésì mọ́. Ìyá mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá iná, wọ́n ń ṣan ìrẹsì bí ẹni tí ata ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ti wọ aṣọ ìsìn. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ń gbé omi bọ̀ láti kànga. Mo bá wọn níwájú kọ́tìnnì Ìyá Ràfíù, mo sì dúró pẹ̀lú garawa lórí.

"Ìyá Ràfíù, ẹ kúulé o. Èmi ni, bàbá Rẹ́nikẹ́. Ọ̀rọ̀ abọ́ Iléyá ni mo bá wá. Ìyá Rẹ́nikẹ́ ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo gbé e síbí. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan wà nínú ẹ̀. Mo rò pé bó bá ti mọ́, ó ti parí."

Ohùn kan wá jáde: "Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin, Bàbá Rẹ́nikẹ́, ẹ lóṣòó, ẹ mú kànìnkànìn, ẹ fọ abọ́?"

"Mo tún fi tówẹ̀lì mi nù ún."

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú yàrá yẹn, ó jí àwọn tó ṣì ń sùn. Ìyá Ràfíù ta kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń dà lójú wọn. "Mo ṣáà ń sọ! Mo ní irú obìnrin wo ló ń fọ abọ́ báyìí, tí ọṣẹ gbẹ mọ́ ìdí ẹ̀! Mo ní Ìyá Rẹ́nikẹ́ mọ abọ́ fọ̀, àbùkù ló fi ń kàn mí!"

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí abọ́ wa padà. Bó ṣófo, bó kún, ẹ ṣáà jẹ́ kó padà."

"Kí ló ń ṣófo? Abọ́ yín ò tíì kún ni." Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn. Ìdáná eléèédú wà ní igun yàrá, ìkòkò ńlá wà lórí rẹ̀, òórùn ata díndín gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ní Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò se èkuru fún mi mọ́. Àná, inú ń bí mi, èkuru ń dùn mọ́ mi, mi ò mọ èyí tí n bá gbọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ń wo abọ́. Mo ní kí ni n ó fi sí i? Ata tútù? Oúnjẹ ìyá mi ni wọ́n gbé wá fún mi, kí n fi ata tútù dá a padà? Mo jí lọ sídìí igbá mi, mo ṣa ata tó dára, mo lọ̀ ọ́, mo sì ń dín in. Ẹ̀yin lẹ ò ní sùúrù." Wọ́n wá gbé ohùn sókè: "Ìyá Rẹ́nikẹ́! Jáde, wá gba abọ́ ẹ! Ìwọ obìnrin yìí, o jẹ́ kí n máa bú ẹ látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi dé, ọwọ́ wọn kún fún omi ìrẹsì. "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n ní ọkọ mi ló fọ abọ́?"

"Ó dáa tó o dákẹ́. À bá ti fi kọrin ní ìdí kànga." Wọ́n bu ata sínú abọ́ wa títí ó fi kún dé etí, gẹ́gẹ́ bí ẹran Iléyá ṣe kún. Ohun tí abọ́ ò gbà, wọ́n gbé e pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀ wá sínú ilé ìdáná, wọ́n ká aṣọ sókè, àwọn àti ìyá mi sì jọ dúró ti iná.

A jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Tòkunbọ̀ kó ìdílé rẹ̀ wá, Bùọ̀dá Lásún kó tirẹ̀ wá, ojú ń tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé nítorí ọwọ́ wọn ò kó nǹkan. Ìyá Ràfíù ló ń bù fún wọn, wọ́n ń jágbe mọ́ ẹni tó bá ní ó ti tó. Ìyá Onílé gbé ẹní wọn wá sí àgbàlá fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rántí, wọ́n ní, "Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Ẹ bù sí i fún ọmọ yẹn." Bàbá Tòkunbọ̀ wo ìrẹsì, ó wo ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹja inú rẹ̀, ó rọra bi bàbá mi, "Ṣé iṣẹ́ ti wọlé ni?" Bàbá mi nu ẹnu. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kọ́. Abọ́ ló wọlé." Láti ọjọ́ náà, nígbà tí fèrè bá ké, bàbá mi á ṣì dìde, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì kakí mọ́. Kànga ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń fa omi fún gbogbo ilé títí wọ́n fi rí iṣẹ́ mìíràn.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Kúnlé àti Bọ́lá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe é ní Kérésì tó lọ. Ẹ̀wà tí a ti ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù rí, òun náà ti di ọ̀gá báyìí. Díẹ̀ ni mo rà, mo pò ó pẹ́ kó lè wú. Kúnlé ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ pò ó. Mo ní, "Ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́. Ọwọ́ ló ń pò ó. Ká apá aṣọ ẹ sókè." Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fún mi lówó, kí oníkálùkù mú ohun tó bá wà nílé ìdáná rẹ̀ wá. Abọ́ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn alájọgbé mi. Àwọn kan ò mọ àṣà náà, mo ní kí Bọ́lá ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n sì ń wọlé lọ wá nǹkan. Oúnjẹ pọ̀ débi tí a fi ń wá ibi tí a ó gbé e sí.

Abọ́ kan ló le fún mi. Mo gbé ti Ìyábọ̀ sílẹ̀ láti orí fíríìjì, mo nù ún, mo gbé e padà. Mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ti ń purọ́ fún ara mi láti ìgbà òjò pé mò ń wá ohun tó yẹ kí n fi sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá dá abọ́ yẹn padà, kò sí ohun tó kù láàárín èmi àti ẹ̀ mọ́. Kò ní sí ẹni tí yóò tún ní kí n má jẹ́ kí abọ́ òun pẹ́. Mo jókòó ti ewé, èkuru ń gbóná lọ́wọ́ mi. Mo wá rántí Ìyá Ràfíù ní ẹ̀yìn kọ́tìnnì, tí wọ́n ń wo abọ́ wa, tí wọn ò mọ ohun tí wọn ó fi sí i. Mo kó èkuru sí i títí ó fi kún, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Jakande, mo gbé e sórí itan bí Ìyábọ̀ ṣe gbé e.

Fúnkẹ́, ọmọ Ìyábọ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí abọ́ kó tó rí mi. "Màmá Àgbà, abọ́ Mọ́mì nìyẹn." Mo ní, "Òun ni. Mo gbé e wá." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé. Mo jókòó díẹ̀, a sunkún díẹ̀, mo dìde. Kò gbé abọ́ jáde. Èmi náà ò bèèrè. Ìyá Onílé ti ní kí á má lé abọ́.

Lọ́jọ́ Kérésì, ilé mi kún dé ẹnu géètì. Wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí Fúnkẹ́ wọlé, òógùn bò ó, abọ́ olódòdó pupa wà láyà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú mi. "Màmá Àgbà, èmi ni mo ṣe é. Mi ò ṣe é rí." Mo ṣí ìdérí. Èkuru ni. Mo tú ewé ọ̀kan, mo bù ú jẹ. Ó le bí òkúta. Ẹ̀rín tí mi ò rín láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀ gbà mí lójijì, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, Kúnlé ti fẹ́ dìde wá dì mí mú.

Mo ní, "Fúnkẹ́, ṣé o sọ ọ́ sómi?"

"Mo sọ ọ́, Mà."

"Ṣé ó léfòó?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó rì, Mà. Mo rò pé á léfòó tó bá pẹ́."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Mo jẹ èkuru náà tán, mi ò fún ẹnì kankan. Nígbà tí àlejò túká, mo fọ abọ́ náà fúnra mi, mo wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ọṣẹ má baà gbẹ mọ́ ọn, mo sì gbé e sórí fíríìjì. Lánàá, Fúnkẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ má jẹ́ kí abọ́ mi pẹ́ lọ́dọ̀ yín o." Mo ní kó ní sùúrù. Abọ́ náà ò tíì kún.